Omidùn: Ohun Tí Bakitéríà Inú Ògì Lè Ṣe fún Ara Wa, àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Tó bá jẹ́ pé ilé Yorùbá ni wọ́n ti tọ́ yín dàgbà, ẹ̀kọ wà lára oúnjẹ àkọ́kọ́ tó kan ẹnu yín lẹ́yìn ọmú. Ẹ ti mu ún pẹ̀lú àkàrà láàárọ̀ Sátidé. Ẹ ti mu ún nígbà tí ibà ń ṣe yín tí ẹnu yín kò gba nǹkan mìíràn. Àwọn kan nínú yín sì ti fi omi rẹ̀ lo àgbo rí. Lónìí, mo fẹ́ ká wo àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ń gbé inú ògì yẹn, nítorí wọ́n ti dójú tì mí rí, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe tiwọn.

Ní ilé tiwa ní Ọ̀fà, ògì ló rán ìyá mi ní ilé ẹ̀kọ́. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ti ń sẹ́ ògì tà ní ọjà Owódé kí wọ́n tó bí mi, ó sì ń sẹ́ ẹ dòní. Èmi náà wá lọ kọ́ ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí ní yunifásítì. Másítà ni mo ń ṣe lọ́wọ́ báyìí, iṣẹ́ ìwádìí mi sì dá lórí bakitéríà inú ògì. Ìyá Àgbà a máa fi mí rẹ́rìn-ín: "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o wá ń sanwó fún wọn kí wọ́n tó jẹ́ kí o wo inú ìkòkò mi?"

Lọ́dún tó kọjá, nígbà òjò, mo wá sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìbùkún, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kò tíì pé ọmọ ọdún kan nígbà náà. Lóru ọjọ́ kejì tí mo dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n bu omidùn fún un, ìyẹn omi tó máa ń tòrò sórí ògì. Ẹ̀gbọ́n mi wá yíjú sí mi: "Ìwọ tí o ń kàwé rẹ̀, ṣé ó dára?"

Inú mi dùn pé wọ́n bi mí. Mo yọ fóònù, mo fi fọ́tò kan hàn wọ́n láti lábù. Nínú fọ́tò náà, bakitéríà E. coli hù kún inú àwo, àfi àyíká ibi tí mo kán omi bakitéríà inú ògì sí. Ibẹ̀ mọ́ kedere, E. coli kankan kò lè hù níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ wò ó, ó ń pa wọ́n. Mo fi ojú ara mi rí i." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọmọ ní omidùn, ṣíbí díẹ̀ láàárọ̀, ṣíbí díẹ̀ lọ́sàn-án. Ó ń mu ọmú díẹ̀díẹ̀, ó sì ń yàgbẹ́ lọ.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, ojú Ìbùkún ti jìn wọnú. Ó ń sunkún, omijé kò jáde. Àwùjẹ̀ rẹ̀ ti sọ̀ sílẹ̀. A gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbà á fi ìka fa awọ ikùn rẹ̀ díẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Awọ náà rọra ń padà ni, bíi ti àgbàlagbà. Ó béèrè pé, "Kí lẹ ti fún un láti àárọ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Omi ògì." Ó ní, "ORS ńkọ́?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Èmi tí mo ń pe ara mi ní onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Wọ́n fún un ní ORS, ṣíbí kan lẹ́yìn èkejì, wọn kò kánjú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó tọ̀. Ẹ ò lè mọ bí ìtọ̀ ọmọ ṣe ń múnú ẹni dùn àfi tí ẹ bá ti dúró dè é rí.

Àpilẹ̀kọ yìí ni gbèsè tí mo jẹ ẹ̀gbọ́n mi. Fọ́tò mi kì í ṣe irọ́. Ohun tí mo ní kí wọ́n fi ṣe ni kò tọ́. Ẹ jẹ́ ká wá wo iṣẹ́ tí bakitéríà yìí ń ṣe lóòótọ́, ká sì wo ibi tí iṣẹ́ wọn parí sí.

Ta ni wọ́n gan-an?

Bakitéríà jẹ́ ẹ̀dá alààyè tó kéré débi pé bí a bá to ẹgbẹ̀rún kan wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà tí wọ́n máa ṣe kò ní ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Oríṣiríṣi wọn ló wà. Èyí tí à ń sọ lónìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní lactic acid bacteria, LAB ní ìkékúrú. Èmi máa ń pè wọ́n ní bakitéríà amóúnjẹkan, nítorí iṣẹ́ wọn nìyẹn: wọ́n á jẹ ṣúgà, wọ́n á sì tu ásíìdì kan tí ń jẹ́ lactic acid jáde. Ásíìdì yìí ló ń mú ògì kan. Òun ló wà nínú yógọ́ọ̀tì, nínú fùfú, nínú gàrí tó kan dáadáa, àti nínú kùnú.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan tí a bò mọ́lẹ̀ títí ó fi ń rùn ló jẹ́ iṣẹ́ wọn o. Irú tí a fi ń se ọbẹ̀, ìdílé mìíràn ló ni ín, ìyẹn Bacillus. Àwọn yẹn ń jẹ púrótéènì inú irúgbá, òórùn amóníà sì ni wọ́n ń mú jáde dípò ìkan. Ìdí nìyẹn tí irú fi ń ta sí imú tí ògì sì ń kan lẹ́nu.

Ní lábù, ọ̀nà tí a fi ń dá wọn mọ̀ kò le. A máa gbìn wọ́n sórí oúnjẹ kan tí ń jẹ́ MRS, tó dì bí ẹ̀kọ tútù. Orúkọ àwọn onímọ̀ mẹ́ta tó ṣe é ní 1960 ni wọ́n ké kúrú: de Man, Rogosa àti Sharpe. Tí wọ́n bá hù, a máa kán hydrogen peroxide sí wọn lára. Ọ̀pọ̀ bakitéríà mìíràn á hó bí ọṣẹ. Àwọn tiwa kì í sábà hó. Tí a bá pa wọ́n láró Gram, àwọ̀ àlùkò ni wọ́n ń mú.

Louis Pasteur, onímọ̀ ará Faransé, ló fi hàn ní 1857 pé ẹ̀dá alààyè ló ń mú wàrà kan, pé wàrà kì í kàn ṣàdédé kan. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, Élie Metchnikoff, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí tí wọ́n fi orúkọ Pasteur sọ ní Paris, sọ pé ó ṣeé ṣe kí wàrà kíkan tí àwọn ará Bulgaria ń mu wà lára ohun tí ń mú ẹ̀mí wọn gùn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1908, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ló fi gbà á, ìyẹn bí ara ṣe ń gbèjà ara rẹ̀. Òun náà ń mu wàrà kíkan lójoojúmọ́. Ẹni ọdún 71 ni nígbà tó kú ní 1916. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ "bakitéríà tó dára fún ara" kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àsọdùn inú rẹ̀ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìjàkadì inú ìkòkò

Gbogbo ọmọ Ọ̀fà ló mọ̀ pé ìjàkadì ni orò wa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ògì náà nìyẹn.

Ní ọjọ́ kìíní tí a da omi sí àgbàdo, gbogbo ẹ̀dá tó wà lára àgbàdo, nínú omi, lára ìkòkò àti lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é ló wọ inú agbo. Bakitéríà inú ilẹ̀ wà níbẹ̀, ìwúkàrà wà níbẹ̀, èébu wà níbẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí E. coli náà sì lè wà níbẹ̀. Ìkòkò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Òórùn rẹ̀ nígbà yẹn kò tíì dára.

Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹta, àwọn amóúnjẹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Àwọn kan nínú wọn ń sọ ṣúgà kọ̀ọ̀kan di lactic acid méjì. Àwọn mìíràn ń ṣe lactic acid kan, wọ́n á wá fi ọtí tàbí ásíìdì inú fínígà kún un, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ carbon dioxide. Ọ̀kan tó sábà ń gbẹ̀yìn agbo nínú ògì ni Lactobacillus plantarum. I. A. Akinrele ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti 1970, nígbà tó ṣe ìwádìí lórí bí àgbàdo ṣe ń di ògì. Ní 2020, àwọn onímọ̀ pín ìdílé Lactobacillus tó ti tóbi jù sí 25, orúkọ ẹni wa sì di Lactiplantibacillus plantarum. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ gígùn dẹ́rù bà yín, ẹni kan náà ni.

A ní òṣùwọ̀n kan tí à ń pè ní pH. Omi lásán tó mọ́ wà ní 7. Bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i ni nọ́ńbà náà ń lọ sílẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Omi àgbàdo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti itòsí 6. Ògì tó kan dáadáa máa ń wà ní itòsí 4 tàbí kó tilẹ̀ dín. Nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn o: láti 6 sí 4, ìkan rẹ̀ ti di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Báwo ni ìkan ṣe ń pa ọ̀tá? Lactic acid tí kò tíì pín sí méjì lè yọ́ wọ inú ara bakitéríà mìíràn. Tó bá ti dé inú, ó máa pín, inú bakitéríà náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Bakitéríà yẹn á máa fi gbogbo agbára rẹ̀ gbọ́n ásíìdì síta bí ẹni tó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ ojú omi tó ti lu. Kò ní rí agbára fi dàgbà, kò ní rí agbára fi bímọ. Nígbà tó bá yá, ó lè kú. Àwọn amóúnjẹkan kan tún ń ṣe àwọn púrótéènì kéékèèké tí ń jẹ́ bacteriocin, tí wọ́n fi ń lu ara bakitéríà mìíràn.

Ìyá Àgbà kò mọ pH, àmọ́ ó ń fi imú mọ̀ ọ́n. Ó ń pààrọ̀ omi orí ògì lójoojúmọ́ kó má bàa kan ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í fi ọṣẹ fọ ìkòkò ìrẹgbàdo rẹ̀, omi nìkan ló fi ń ṣàn án. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Tí mo bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kì í tètè kan." Àwọn tó borí nínú ìjàkadì àná ló ń fi sílẹ̀ lára ìkòkò kí wọ́n lè tètè bẹ̀rẹ̀ tòní.

Ohun tí a mọ̀ dájú: wọ́n ń ṣọ́ oúnjẹ

Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Iṣẹ́ bakitéríà amóúnjẹkan tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù ni pé wọ́n ń dáàbò bo oúnjẹ kó tó dé ẹnu wa. Ní ilé tí kò sí fíríìjì, tí iná ọba ń ṣe mo-dé-mo-lọ, ọmọ lè mu ẹ̀kọ tí wọ́n sè láàárọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ̀kọ yẹn bá kan, àwọn kòkòrò tó bọ́ sínú rẹ̀ láti ọwọ́ tàbí láti ara ṣíbí kò ní lè pọ̀ sí i bíi ti inú oúnjẹ tí kò kan. Ní Ghana, Patience Mensah àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí èyí ní nǹkan bí 1990, wọ́n sì fi hàn pé àgbàdo tí wọ́n jẹ́ kó kan ń dènà àwọn bakitéríà tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru ju èyí tí kò kan lọ.

Ẹ̀yin á ní, "Ṣé iná kò ti pa bakitéríà náà nígbà tí a se ẹ̀kọ ni?" Ó ti pa wọ́n. Nígbà tí ẹ̀kọ bá hó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ti kú. Ṣùgbọ́n lactic acid kì í kú, nítorí kò yè rí. Òun ló ń ṣọ́ ẹ̀kọ lọ lẹ́yìn tí àwọn tó ṣe é ti lọ.

Ó ní ohun tí ìkan kò lè ṣe o. Bí àgbàdo bá ti hu èébu kí ẹ tó rẹ ẹ́, májèlé aflatoxin lè ti wà nínú rẹ̀, ẹ kò sì lè gbẹ́kẹ̀ lé ìkan tàbí iná pé yóò mú un kúrò tán. Ẹ ṣa irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ dànù. Ìkejì, nígbà tí a bá ń fi asẹ́ sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú púrótéènì àgbàdo ń bá eèrí lọ. Ẹ̀kọ lásán kò tó ọmọ ó bọ́. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Oṣòdì fi ṣe ògì oní-sóyà. Ní ilé, ẹ lè fi ẹ̀pà lílọ̀, sóyà, edé tàbí mílíìkì sí i. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú nìkan ló ni ín.

Nínú ara tiwa ńkọ́?

Àwọn amóúnjẹkan ń gbé lára wa pẹ̀lú. Nínú ìfun wọn kò pọ̀ tó bí a ṣe máa ń rò, ìdílé mìíràn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti jẹ́ baálé ilé lóòótọ́ ni ojú ara obìnrin. Albert Döderlein, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé wọn níbẹ̀ ní 1892. Wọ́n ń mú kí ibẹ̀ kan, ìkan yẹn sì ń lé ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn dànù. Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ o: ọṣẹ olóòórùn dídùn, ewé, álọ́ọ̀mù àti gbogbo ohun tí wọ́n ń polówó pé ká fi fọ inú ara, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí ni wọ́n ń lé jáde. Ìta nìkan ni omi ń fọ̀. Inú ń tọ́jú ara rẹ̀.

Wàrà náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílẹ̀ wa ni inú wọn máa ń kùn tí wọ́n bá mu mílíìkì, nítorí ara wọn kò lè fọ́ ṣúgà inú rẹ̀ tí ń jẹ́ lactose mọ́. Bakitéríà tó wà láàyè nínú yógọ́ọ̀tì máa ń bá wọn fọ́ díẹ̀ nínú ṣúgà yìí. Ẹ̀rí èyí dájú débi pé àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2010.

Àmọ́ wọn kì í ṣe áńgẹ́lì. Bí ẹ bá ń lá súìtì látàárọ̀ dalẹ́, àwọn amóúnjẹkan tó wà lẹ́nu yín á sọ ṣúgà yẹn di ásíìdì, ásíìdì náà á sì máa jẹ eyín tó ti ń jẹrà lọ. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú ìkòkò àti lórí eyín. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ló yàtọ̀.

Láti àwo lábù dé inú ọmọ

Ẹ jẹ́ ká padà sí fọ́tò mi.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ti rí irú àyíká mímọ́ kedere bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1994, D. K. Olukoya àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn tó wà ní Yábàá, Èkó, gbé ògì kan jáde tí wọ́n pè ní DogiK. Ẹ kò ṣì í gbọ́ o, Olukoya tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí olùdarí ìjọ MFM náà ni. Onímọ̀ kòkòrò àìfojúrí ni. Wọ́n ṣa àwọn amóúnjẹkan tó lágbára láti dènà bakitéríà ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì fi wọ́n mú ògì kan. Iṣẹ́ gidi ni, inú mi sì dùn pé nílẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é. Àmọ́ lábù ni wọ́n ti dán agbára rẹ̀ wò sí àwọn bakitéríà yẹn. Ìbéèrè tó kàn ni pé: tí ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru bá mu irú nǹkan báyìí, ṣé ìgbẹ́ náà á tètè dá?

Wọ́n ti béèrè é lọ́wọ́ àwọn ọmọ gan-an. Ní apá àríwá Ghana, àwọn èèyàn máa ń fi ọkà ṣe ẹ̀kọ kan tí wọ́n ń pè ní koko. Omi kíkan orí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò omidùn ni. Àwọn onímọ̀ kó àwọn ọmọ 184 tí kò tíì pé ọdún 5, tí ìgbẹ́ gbuuru gbé wá sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi orí ìbò pín wọn sí ọ̀nà méjì. Gbogbo wọn gba ìtọ́jú tó yẹ. Apá kan tún ń mu omi kíkan náà fún ọjọ́ 5. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Ìgbẹ́ àwọn tó mu ún kò tètè dá ju ti àwọn yòókù lọ, iye ìgbà tí wọ́n ṣu kò sì dín. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni pé lẹ́yìn ọjọ́ 14, àwọn òbí tí ọmọ wọn mu ún sọ pé ara ọmọ wọn yá ju ti àwọn yòókù lọ.

Nígbà tí mo ka ìwádìí yẹn, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ Ìbùkún ti kọjá, mo jókòó jẹ́ẹ́. Kí ló dé tí ohun tó borí nínú àwo kò borí nínú ọmọ? Mo rí ìdí mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, E. coli nìkan ló wà nínú àwo mi. Nínú ọmọ kékeré, fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń wà nídìí ìgbẹ́ gbuuru tó le, pàápàá rotavirus. Bóyá òun ló mú Ìbùkún, a kò yẹ̀ ẹ́ wò. Àyíká mímọ́ tí mo fi ń yangàn kò sọ nǹkan kan nípa fáírọ́ọ̀sì. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ ká máa sáré ra Flagyl nígbàkígbà tí inú ọmọ bá ṣí. Àjẹsára rotavirus ló yẹ, Nàìjíríà sì ti fi í kún àwọn àjẹsára ọ̀fẹ́ láti 2022.

Èkejì, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ṣíbí omidùn kan. Ti òní yàtọ̀ sí ti ọ̀la, ti Ìyá Àgbà yàtọ̀ sí ti aládùúgbò rẹ̀. Omi tútù ni a fi ń sẹ́ ògì. Bí omi náà bá dọ̀tí, tí ògì kò sì tíì kan dáadáa, kòkòrò àrùn lè wà nínú ohun tí a pè ní oògùn. Ẹ fi èyí wé ohun tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Odisha ní Íńdíà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Wọ́n fún àwọn ọmọ ìkókó ní L. plantarum, mọ̀lẹ́bí ẹni tó wà nínú ògì wa, pẹ̀lú irú ṣúgà kan tó jẹ́ oúnjẹ rẹ̀, fún ọjọ́ 7. Àwọn ọmọ tó lé ní 4,500 ló kópa. Nínú àwọn tí kò gbà á, ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn wọ ẹ̀jẹ̀ wọn tàbí tí wọ́n kú. Nínú àwọn tó gbà á, ìdá 5.4 ni. Àbájáde ńlá ni! Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ dájú ni wọ́n lò, wọ́n ka iye rẹ̀, wọ́n sì fún àwọn ọmọ tí ara wọn le, láti fi dènà àìsàn. Ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní probiotic nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí FAO àti WHO ṣe là á sílẹ̀ ní 2001: ẹ̀dá tó wà láàyè, ní ìwọ̀n tó tó, tó sì ń ṣe ara láǹfààní. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́ta yẹn, kì í ṣe òun mọ́.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Ohun tí ń pa ọmọ nínú ìgbẹ́ gbuuru, lọ́pọ̀ ìgbà, ni omi àti iyọ̀ tó ń tán lára rẹ̀. Bakitéríà tàbí fáírọ́ọ̀sì náà lè ṣì wà nínú rẹ̀ kí ọmọ sì yè, tí omi kò bá ti tán. Lára ògiri ìfun wa, ilẹ̀kùn kan wà tó jẹ́ pé iyọ̀ àti ṣúgà gúlúkóòsì ni wọ́n jọ ń gbà á wọlé. Bí méjèèjì bá wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Ìdí nìyẹn tí iyọ̀ àti ṣúgà inú ORS fi jẹ́ wíwọ̀n. Omidùn kò ní iyọ̀ tó tó, ṣúgà tí ì bá wà nínú rẹ̀, bakitéríà ti jẹ ẹ́. Omi ni lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀kùn yẹn kò lè ṣí fún un dáadáa.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Bí ọmọ kékeré bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ORS ló kọ́kọ́ kàn. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀, ẹ fi iye omi tí wọ́n kọ síbẹ̀ po ó, kí ó má dín, kí ó má lé, kí omi náà sì mọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 yẹ kó mu bíi 50 sí 100 mìlílítà lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní ṣíbíṣíbí. Bó bá bì í, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi síńkì kún un fún ọjọ́ 10 sí 14: mìlígíráàmù 20 lóòjọ́ fún ọmọ tó ti lé ní oṣù 6, 10 fún èyí tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Bó bá ti ń jẹun, kó máa jẹun lọ, ẹ̀kọ sísè sì wà lára oúnjẹ náà.

Bí ojú rẹ̀ bá jìn, bí omijé kò bá jáde, bí kò bá tọ̀, bí awọ ikùn rẹ̀ kò bá tètè padà, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí kò lè mu nǹkan mọ́, ẹ má dúró de ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ògì ńkọ́? Ẹ máa mu ún lọ. Ẹ fi omi tó mọ́ rẹ ẹ́, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó kan, ẹ sè é kó hó. Ẹni tí ara rẹ̀ le tó bá fẹ́ mu omidùn tó mọ́ nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, kò sí ìjà. Ẹ ṣáà má fi rọ́pò ORS.

Mo sọ gbogbo èyí fún Ìyá Àgbà lálẹ́ ọjọ́ kan tí a jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé inú máa bí i. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ má fún un ní omi oníyọ̀? Omidùn ni mo ní kẹ́ ẹ bù. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di dókítà." Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Fọ́tò mi ló mú kí ẹ̀gbọ́n mi fọkàn balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìbùkún ti ń sáré báyìí, ó sì ń fi ẹ̀kọ pa ojú. Nínú agolo tí Ìyá Àgbà ń kó owó ògì sí ní Owódé, páálí ORS kì í wọ́n níbẹ̀ mọ́. Bí oníbàárà bá ní kí ó bu omidùn fún òun nítorí ọmọ tí inú rẹ̀ ṣí, á bù ú fún un, kò ní bá a jiyàn. Á wá mú ORS kan jáde, á fi lé e lọ́wọ́, á ní, "Gbà. Èyí ni kó kọ́kọ́ mu."